Ọdún Tí Wọ́n Wá Kọ Orúkọ Onílé

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó dúró síwájú ilé mi tó gbójú sókè tó ń wo òrùlé, mo máa ń jáde lọ bi í pé kí ló ń wá. Ọkọ mi ní àṣejù ni. Àwọn ọmọ mi ní mò ń dójú ti àwọn, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyẹ ni ẹni ẹlẹ́ni ń wò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀ láìbéèrè. Inú ilé tí mo ti dàgbà ní Ìtòkò, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti kọ́ ìwà yìí, ọdún kan péré ni mo sì fi kọ́ ọ tán. Kí ọdún náà tó dé, kò sẹ́ni tó ń wo ilé wa. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ni, pánù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì fẹ̀yìn ti àpáta ńlá kan débi pé àpáta yẹn gan-an ló ṣe ògiri ẹ̀yìn fún ilé ìdáná. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo wa la máa ń sáré gbé korobá àti ìkòkò sí abẹ́ ibi tó ń jò, olúkúlùkù ló sì mọ ibi tirẹ̀. Tèmi ni ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá Àgbà. Omi á máa kán sínú korobá mi, tó, tó, tó, èmi á sì gbàgbé sùn lọ nídìí rẹ̀. Ta ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa wọ̀ lójú?

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Òun ló máa ń jí ṣáájú gbogbo ilé, yóò gbálẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó bá sì dé ibi sàréè bàbá bàbá mi, tí wọ́n sin sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, yóò dá ìgbálẹ̀ dúró, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," yóò sì máa gbálẹ̀ lọ. A ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí sàréè yẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ sá ata lé e. Ìyàwó kejì ni Màmá Àgbà jẹ́ fún Bàbá. Ìyálé rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀: Bàbá Èkó, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, àti Ìyá Ìtorí, tó lọ́kọ sí Ìtorí lójú ọ̀nà Èkó. Bàbá mi, tó ń ṣe tíṣà, nìkan ni Màmá Àgbà bí. Nítorí pé ìyàwó kejì ni, wọn kì í fún un ní oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, tí àwọn yòókù bá sì ń lọ kúnlẹ̀ níwájú, yóò máa wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú báàgì títí wọ́n á fi padà. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Bí Bàbá Èkó bá wá sílé, á kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ọ̀nà o," nítorí wọ́n ti bí Bàbá Èkó kí òun tó wọlé ọkọ, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Àwọn tó pè lọ́kọ yìí náà ló wẹ̀ fún lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun náà ló rán aṣọ ilé-ìwé wọn. Ojú ọmọdé ni mo fi ń wò ó nígbà náà, mo sì gbà pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé láràárọ̀ ló nilé.

Ọdún yẹn ni wọ́n da ọ̀dà sí títì iwájú ilé wa. Kí ọ̀dà tó gbẹ, àwọn ará Èkó ti ń wọlé. Wọ́n ní ilé ti wọ́n jù l'Ékòó, pé ó sàn kéèyàn máa sùn l'Abẹ́òkúta kó máa lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń da pàǹtí sí di ohun tí àwọn lọ́yà ń jà lé lórí. Owó ilé gbéra sọ, àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, àga àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń ṣófo ní kíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ dúró wo òrùlé wa gbé mọ́tò dúdú kan wá. Ó kí Màmá Àgbà dáadáa, ó tọrọ omi, ó mu ún, ó wá bi í bóyá ilẹ̀ tó wà láàárín ilé àti àpáta náà jẹ́ tiwa. Màmá Àgbà ní òun ò mọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó da omi tó ṣẹ́ kù nínú kọ́ọ̀pù nù, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ kọ́ọ̀pù náà, ó wá sọ fún màmá mi pé òùngbẹ kọ́ ló gbé ìyẹn wá. Màmá mi ní ó lè jẹ́ ará ìjọba. Màmá Àgbà ní bó bá jẹ́ ará ìjọba, ìyẹn gan-an tún burú jù.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wó ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ìyá arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú òòlù, wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ti ta ilé náà. Gbogbo àdúgbò lọ wòran, èmi náà lọ, mo sì rí i bí ìyá náà ṣe gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ àyà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn ò balẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé tí ẹnì kan ò bá tíì tà, wọ́n á ní ó fẹ́ tà á. Bàbá mi pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó sì ní kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ohun tí wọ́n kọ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dúró ní títì, ó kà á sókè fún wa gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kàwé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bàbá Èkó dé nípárí oṣù, ó rí ohun tó wà lára ògiri, kò wọlé. Ó dúró síta pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n pe bàbá mi wá.

"Àkànní, ta ló ní òun fẹ́ rà á?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bọ̀dá mi. Kí wọ́n má baà wá ni."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, ìwọ wá ń sọ fáráyé pé kì í ṣe títà. Èló ni wọ́n bá ọ sọ?"

Bàbá mi búra títí. Ó fi Bíbélì búra, ó fi sàréè bàbá wọn búra. Bí ó ṣe ń búra tó ni ojú Bàbá Èkó ń le sí i, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi nígbà tó yá pé ẹni tí kò bá ní nǹkan nínú kì í búra tó bẹ́ẹ̀. Ó ra àgádágodo tuntun, ó fi ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tì í rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìtorí dé pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, pé òun fẹ́ sún mọ́ ọsibítù. Ẹsẹ̀ yìí kò dùn ún tó láti jẹ́ kó jókòó sójú kan o. Ẹni yòówù tó bá kanlẹ̀kùn, òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹní rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń rí ẹnu ọ̀nà àti ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi pa pọ̀. Ó ń ro láfún tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń se ọbẹ̀ ilá tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí Màmá Àgbà bá sì bu ọbẹ̀ fún un, á ní òun ti yó, á dúpẹ́, á sì tún padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Inú ilé tí a ti ń pariwo bára wa sọ̀rọ̀ láti yàrá dé yàrá di ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sínú. Mo máa ń wọlé bá wọn, wọ́n á dákẹ́, ẹnì kan á wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìyá Ìtorí máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, á máa fọwọ́ pa mí lórí, á bi mí pé kí ni bàbá mi ń bá màmá mi sọ kí wọ́n tó sùn. Tí mo bá dé ilé ìdáná, màmá mi á fún mi ní ẹja díndín, á bi mí pé kí ni Ìyá Ìtorí bi mí. Mo jẹ gúgúrú, mo jẹ ẹja, mo sì ń sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu fún àwọn méjèèjì. Màmá Àgbà nìkan ni kì í bi mí ní nǹkankan. Òun náà ń fura ṣá. Ó ń fura sí ọkọ̀ tó bá rọra kọjá, ó ń fura sí àwọn tó wá ka mítà iná, ó sì ń fura sí pásítọ̀ kan tó wá pín ìwé àdúrà kiri. Ará ìta ni gbogbo wọn. Kò fura sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Ọnọrébù wọ̀ ọ́. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó ti pọnmi fún Màmá Àgbà nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ àìmọye ìgbà. Nígbà tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀, ojúlé sí ojúlé ló ń rìn, ó ń sọ pé bí òun bá wọlé, wọn ò ní fi kún owó orí ilé ẹnikẹ́ni. Ó wọlé. Ọdún náà ò tíì parí tí ìjọba ìbílẹ̀ fi kún un, tí wọ́n fi kún un dáadáa. Bàbá mi jókòó ti Màmá Àgbà, ó ń ṣàlàyé fún un pé níwọ̀n bí títì ti dé, ìjọba gbà pé ilé náà ti níye lórí sí i, ohun tó bá sì níye lórí sí i, owó orí rẹ̀ á lọ sókè. Màmá Àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó gbójú sókè wo pánù, ó ní, "Ṣé wẹ́n ti wá dí ibi tó ń jò ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Owó tíṣà ò lè dá gbé owó orí ilé yẹn, Bàbá Èkó sì ti ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má dá san án, nítorí ẹni tó bá dá san án lónìí ló máa sọ lọ́la pé òun ló nilé.

Ọnọrébù wá lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti èèyàn méjì tí kì í sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà tòun ti agbádá. Ó ní òun kọ́ ló fi kún owó náà, pé àwọn àgbà ló wà lókè, ṣùgbọ́n òun ti bá wọn jà, òun sì gba nǹkan kan wá: ilé tí onílé rẹ̀ bá jẹ́ arúgbó, tó sì ń gbé inú rẹ̀, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ń bọ̀ wá kọ orúkọ onílé láti ojúlé dé ojúlé. Ká ṣáà jẹ́ kí wọ́n kọ Màmá sílẹ̀ pé òun ló nilé, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò sì tíì mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́. Ó lè jẹ́ àánú ìyá tó bọ́ ọ ló ṣe é. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé òun ló ń júwe ilé fún àwọn ará Èkó, pé ó rọrùn láti gba ìtẹ̀ka arúgbó kan sórí ìwé ilé títà ju kéèyàn máa bá ọmọ mẹ́ta dúnàádúrà lọ. Mo máa ń rí i lóde àríyá nígbà mìíràn, ó ti darúgbó díẹ̀, ó máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, èmi náà á sì kí i, n ó máa wo ojú rẹ̀.

Bàbá mi rí i pé ọ̀nà àbáyọ ni. Ó fi fóònù pe Bàbá Èkó, Bàbá Èkó ò sì dúró de òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kejì ló dé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́ta, sàréè bàbá wọn wà láàárín wọn. Màmá Àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpótí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀fàdà ni wọ́n bí i sí. Bàbá mi sọ ohun tí Ọnọrébù wí. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Ìtorí ti ń mi orí. Ó ní òun ò kàwé tó wọn, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ojú òun rí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lónìí pé Ìyá Kékeré ló nilé, tí Ọlọ́run bá wá pè é, ọmọ mélòó ni Ìyá Kékeré bí? Ọ̀kan. Ibo wá ni ọmọ ìyálé máa wà? Bàbá Èkó ní ohun tó wà lọ́kàn òun gan-an nìyẹn, pé òun kàn fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ Àkànní lọ́gbọ́n náà ni, bóyá Ọnọrébù ni tàbí ìyá rẹ̀.

Òógùn bo bàbá mi. Ó ní òun ò ní nǹkankan nínú, pé kí wọ́n má sọ òun di olójúkòkòrò lójú ọmọ òun. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé mi. Màmá Àgbà gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mi ò bèèrè ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí mò ń sùn sí náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa sùn." Bàbá Èkó ní kò sẹ́ni tó ń lé e, kí ló dé tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìtorí ní òun tiẹ̀ ń fẹ́ mọ ohun tó mú un ronú pé àwọn fẹ́ lé e. Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ san owó orí ilé náà, kò báà tó bí òkè, kí orúkọ Màmá Àgbà má ṣáà sí níbẹ̀. Ara wọn fúyẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Ìtorí tiẹ̀ bu ìrẹsì díẹ̀ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí àwọn akọ̀wé dé, Bàbá Èkó gba àyè níbi iṣẹ́. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni wọ́n, Ọnọrébù sì tẹ̀ lé wọn nítorí pé àdúgbò rẹ̀ ni. Màmá Àgbà ti gbé àga síta, ó ti se ìrẹsì tó kù, òórùn ọbẹ̀ ata àti irú gba gbogbo iwájú ilé. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wọlé lọ mumi kí wọ́n má baà ṣe nǹkan kan lẹ́yìn òun. Akọ̀wé obìnrin náà kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní ó ku àwọn tó ń sùn nínú ilé. Onílé, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wà lápá kan, ayálégbé wà lápá kejì. Ó kọ màmá mi sábẹ́ bàbá mi, ó kọ mí sábẹ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí Màmá Àgbà tó ń gbé omi bọ̀.

Ó ní, "Màmá ńkọ́? Kì í ṣe ìyàwó ìkankan nínú yín, kì í sì í ṣe ọmọ."

Ọnọrébù ní kí wọ́n kúkú kọ ọ́ mọ́ àwọn onílé, kó baà lè rọrùn fún wọn. Bàbá Èkó wúkọ́. Ìyá Ìtorí yí ọrùn, ó ń wo bàbá mi. Èmi náà ń wò ó. Ìyàwó bàbá wọn ni Màmá Àgbà, ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn tó lè sọ pé ìyàwó òun nìyí ti wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì, akọ̀wé obìnrin náà ò sì ní ibi tó lè kọ opó sí nínú ìwé rẹ̀.

Ó ní, "Bí kì í bá ṣe onílé, ayálégbé ló kù. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá mi fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kò wo ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá Àgbà gbé omi náà fún wọn. Ó dúró títí wọ́n fi mu ún, ó gba kọ́ọ̀pù padà, ó wá bi obìnrin náà ní jẹ́jẹ́ pé ṣé ó ti kọ ọ́. Obìnrin náà ní, "Mo ti kọ ọ́, Màmá." Màmá Àgbà ní ó ṣeun. Ó bu ìrẹsì fún gbogbo wọn, ó fi ẹran sí ti Bàbá Èkó jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun papọ̀ lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì. Bàbá Èkó gbá bàbá mi léjìká, ó pè é ní ọmọ bàbá òun. Ìyá Ìtorí ń rẹ́rìn-ín. Inú bàbá mi dùn, mo rí i lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn gidi, pé ẹrù kan ti kúrò lórí rẹ̀. Mo bínú sí i nítorí ìdùnnú yẹn fún ọdún pípẹ́. Mo ti bi í nígbà tí mo dàgbà, ó ní ìwé lásán ni, pé kò sẹ́ni tí ì bá lé ìyá òun jáde. Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Ó fẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pé ọwọ́ òun mọ́, ìyá rẹ̀ ló sì wà nítòsí tó lè fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Màmá Àgbà di ẹrù méjì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sọ fún màmá mi pé òun fẹ́ lọ wo àwọn èèyàn òun l'Ọ́fàdà, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun nítorí ilé-ìwé ti gba họlidé. Ó pẹ́ nídìí sàréè Bàbá láàárọ̀ yẹn, mi ò sì gbọ́ ohun tó sọ. Ilé bàbá rẹ̀ l'Ọ́fàdà kò tó tiwa, kò sí títì níwájú rẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n sá sílẹ̀ níbi gbogbo. Bí a ṣe yọ, àwọn ìyàwó ilé sáré jáde, àwọn àgbà obìnrin nínú wọn pẹ̀lú, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọkọ wa, ẹ káàbọ̀ o." Mo bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń kí. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé dìde fún un lórí àga. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kò níyọ̀, wọ́n sì sáré lọ fi iyọ̀ sí i. Mi ò gbọ́ kí Màmá Àgbà sọ pé nǹkankan kò níyọ̀ rí. Ó wà níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá tirẹ̀. A ò tíì ta ilé Ìtòkò, kò sì sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ Bàbá Èkó àtèmi la jọ ń san owó orí rẹ̀ báyìí, bí wọ́n bá sì ti pè mí lórí rẹ̀, mo máa ń bi wọ́n léèmejì pé kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí a ti wà l'Ọ́fàdà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá mú un. Wọ́n gbé iṣu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Bàbá Èkó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ayálégbé yẹn, pé Àkànní ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin lẹ ń wò mí nígbà yẹn." Ìyá Ìtorí ń fi ọgbọ́n wo ẹrù Màmá Àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì béèrè bí ẹni tí kò ní nǹkankan nínú pé ṣé aṣọ nìkan ló kó wá. Àwọn ìyàwó ilé gbé oúnjẹ wá fún wọn. Màmá Àgbà jókòó sórí àga, wọ́n sì wà nílẹ̀ lórí ẹní. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Bàbá mi wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ eléruku níwájú gbogbo èèyàn, ó ń sunkún, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Dìde, Àkànní, aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Ó dúró títí tó fi dìde, ó bá a gbọn eruku kúrò ní àyà, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ayálégbé tó ti kó jáde, kín ni wẹ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ sí? Ẹ wá ẹlòmíì fi sí yàrá yẹn. Ilé ti wọ́n l'Abẹ́òkúta."